Ọmọ Jónátánì Ń Bẹ ní Lódébárì

Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí a sọ níwájú Àpéjọpọ̀ Gbogbogbòò ti Ìjọ wa

  

Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà Ìjọ fi lé wa lọ́wọ́ ní àárọ̀ yìí jẹ́ ti àwọn ọmọ-ogun tí wọ́n ti ṣubú lójú ìjà, àti ti agbo ilé tí wọ́n fi sílẹ̀. Kò ṣàjèjì sí wa, nítorí ọdọọdún ni a ń gbàdúrà lé e lórí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ti mọ́ ni lára kì í pẹ́ tí a fi ń gbàgbé ìtumọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a tún un gbé yẹ̀ wò láti inú Ìwé Mímọ́.

Nígbà tí Sọ́ọ̀lù ọba àti Jónátánì ọmọ rẹ̀ ṣubú lórí òkè Gílíbóà, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ṣe nítorí wọn. Èkíní, àwọn akọni Jábẹ́ṣì-Gílíádì fi gbogbo òru rìn, wọ́n sọ òkú wọn kalẹ̀ lára odi ìlú tí àwọn ọ̀tá gbé kàn wọ́n mọ́, wọ́n sin egungun wọn sábẹ́ igi kan, wọ́n sì gbààwẹ̀ ní ọjọ́ méje. Èkejì, Dáfídì sọkún, ó kọ orin arò, ó sì mú kí a fi orin náà kọ́ àwọn ọmọ Júdà. Ẹ̀kẹta pẹ́ kí ó tó dé.

Jónátánì ní ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Mẹfibóṣẹ́tì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìròyìn ikú baba rẹ̀ dé. Olùtọ́jú rẹ̀ gbé e sá lọ, ọmọ náà bọ́ lulẹ̀, ó sì di arọ ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Ilé ẹlòmíràn ni ó dàgbà sí, ní ìlú tí a ń pè ní Lódébárì. Nígbà tí Dáfídì ránṣẹ́ pè é níkẹyìn, òun náà ti di baba ọmọ. Ẹ̀yin ará, ẹ rò ó wò. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, orin Jónátánì ń bẹ lẹ́nu àwọn ọmọ Júdà, ọmọ Jónátánì sì ń bẹ ní Lódébárì. Wọ́n mọ orin baba; wọn kò mọ ibi tí ọmọ ń sùn.

Ohun méjì àkọ́kọ́ wọ̀nyí, àwa náà ń ṣe wọ́n. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ni ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ-ogun. Nígbà kan rí, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni a ń lò, tí í ṣe ọjọ́ tí ìjà Ogun Àgbáyé Kìíní dáwọ́ dúró ní 1918. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé wá sí òpin, a gbé ìrántí náà sí ọjọ́ yẹn. Àwọn aláṣẹ a gbé òdòdó lọ síbi ìrántí ọmọ-ogun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, ìbọn a dún, fèrè a ké, a sì tú ẹyẹlé sílẹ̀ fún àmì àlàáfíà. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó sún mọ́ ọn, àwa pẹ̀lú a ka orúkọ, a sì gbàdúrà.

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí àwọn ọmọ wa lọ kú sí kò ní fi ọjọ́ náà ṣeré. Ní Bọ́mà, nínú Ogun Àgbáyé Kejì, Dífíṣọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gba inú igbó tí ọkọ̀ kò lè gbà, tí àwọn ènìyàn wọn sì ń fi orí ru ẹrù ogun. Àwọn tí a kò rí ibojì wọn, orúkọ lásán ni ó kù, tí a fín sára òkúta ní Taukkyan lẹ́bàá Rangoon. Láti 1960, àwọn ọmọ wa lọ pẹ̀tù sí ìjà ní Kóńgò. Láti 1990, wọ́n lọ sí Làìbéríà, àti lẹ́yìn náà sí Sẹ̀rà Líónì. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 1992, ọkọ̀ òfuurufú ológun kan já ní Èjìgbò ní ìlú Èkó, ẹni tí ó ju 150 lọ sì kú nínú rẹ̀. Láti 2009 ni a ti ń sin àwọn tí ń ṣubú ní ìhà Bọ̀rùnó. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, a pa 17 nínú wọn ní Okuama ní ìpínlẹ̀ Delta.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ojú wa rí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí a ń ṣọ́ ìjọ kan ní Òkè Ọya, ní ìlú tí bárékè wà, ọmọ ìjọ wa kan kú sójú ogun. A sin ín pẹ̀lú ẹ̀yẹ. A gbé ìrẹsì àti owó lọ fún aya rẹ̀. Nígbà tí ọdún yípo, a ka orúkọ rẹ̀ ní ìsìn ìrántí, gbogbo ìjọ sì dìde dúró. Lẹ́yìn ìsìn, a lọ kí opó náà níbi tí ó jókòó sí lẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ rántí bàbá àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wá owó ọkọ̀ tí a ó fi padà sílé. Ẹsẹ̀ ni èmi àti àwọn ọmọ fi rìn wá.”

Ìgbà náà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ibi tí ó ń gbé. Ó ti kó kúrò ní bárékè láti oṣù mẹ́fà, ó sì ń gbé inú yàrá kan lẹ́yìn ìlú. Àkọ́bí rẹ̀ ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó ń kiri omi lójú títì. Owó ẹ̀tọ́ ọkọ rẹ̀ kò tíì jáde, nítorí pé orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ ni ó wà nínú ìwé, láti ìgbà tí ọkọ náà kò tíì gbéyàwó. A ti ka orúkọ ọkọ. A kò béèrè aya. Ẹ̀yin ará, ojú tì wá. Orin arò wa dùn, ṣùgbọ́n Lódébárì kò jìnnà sí ilé ìsìn wa ju ibi tí ọmọdé lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ.

Kí ni ó yí ọ̀ràn Mẹfibóṣẹ́tì padà? Ìbéèrè ni. Dáfídì béèrè bí ẹnì kan bá ṣẹ́kù nínú ilé Sọ́ọ̀lù tí òun lè ṣe lóore nítorí Jónátánì. Síbà ìránṣẹ́ mọ ibi tí ọmọ náà wà. Ẹni tí yóò bi í ni kò sí. Nínú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lónìí, Síbà kan ń bẹ tí ó mọ̀.

Ẹ sì kíyè sí ilé tí ọba ń béèrè. Ilé Sọ́ọ̀lù ni, ẹni tí ó lépa ẹ̀mí rẹ̀ kiri aginjù. Ní ogun abẹ́lé tí ó jà láti 1967 títí di 1970, opó ń bẹ ní ìhà méjèèjì, wọ́n sì ń bẹ nínú ẹ̀ka wa gbogbo. Ìjọ tí ó bá ń bi opó léèrè ìhà tí ọkọ rẹ̀ dúró sí kí ó tó bu oúnjẹ fún un kò tíì ka ìtàn Dáfídì dé òpin.

Àwọn kan yóò wí pé, “Ìjọba ni ó rán wọn lọ, kí ìjọba bọ́ ọmọ wọn.” Òtítọ́ ni pé ìjọba jẹ gbèsè. Nígbà tí a sin àwọn tí ó kú ní Okuama, ní Àbújá, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta 2024, Ààrẹ Tinubu ṣèlérí ilé fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, àti owó ẹ̀kọ́ títí dé yunifásítì fún àwọn ọmọ wọn, títí kan èyí tí a kò tíì bí. Ó sì ní kí a san ẹ̀tọ́ wọn láàárín 90 ọjọ́. Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ dára, ó sì yẹ kí ó kan opó ẹni tí ó dá nìkan ṣubú, tí ìwé ìròyìn kò gbọ́ nípa rẹ̀. Àwọn ará wa láti Gánà mọ ohun tí gbèsè tí a kò san ń bí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì 1948, àwọn tí ó ti Ogun Àgbáyé Kejì dé tò lọ ní Accra láti gbé ẹ̀bẹ̀ wọn tọ gómìnà lọ. A yìnbọn lù wọ́n, mẹ́ta sì kú: Adjetey, Attipoe àti Odartey Lamptey. Ọ̀tá kò rí wọn pa; ibi tí wọ́n ti ń béèrè ẹ̀tọ́ ni wọ́n kú sí.

Ṣùgbọ́n gbèsè ìjọba kò pa gbèsè ìjọ rẹ́. Ìwé a máa pẹ́ lórí tábìlì. Ebi kì í dúró de ìwé. Ẹ rántí Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Kò tíì pé ọmọ 20 ọdún nígbà tí ìbọn bà á ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, ní oṣù Kẹta 1944, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kú níṣojú rẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sẹ̀rà Líónì, ni ó kù sínú igbó. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan ní abúlé ibẹ̀, tí ń jẹ́ Shuyiman, ń gbé oúnjẹ fún wọn, ó sì gbà wọ́n sínú ilé rẹ̀ níkẹyìn, láàárín aya àti ọmọ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé bí àwọn ọmọ-ogun Jàpáànù bá mọ̀, pípa ni wọn yóò pa òun. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀ kí ìrànlọ́wọ́ tó dé. Fadoyebo padà sílé, ó sì wà láàyè títí di 2012. Ẹ̀yin ará, Shuyiman kò bá wa ṣe ìjọ kan náà, kò sì gbọ́ èdè wa. Kò sọ pé kí ìjọba tí ó rán wọn wá máa bọ́ wọn. Bí àjèjì bá lè ṣe èyí fún ọmọ wa, kí ni àwa yóò wí níwájú Ọlọ́run nítorí opó tí ó jókòó lẹ́yìn nínú ilé ìsìn tiwa?

Ìdí mìíràn tún wà tí a fi ń gbójú fò wọ́n. Ní orí kẹfà Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríkì ni a kò kà sí nínú ìpín ojoojúmọ́. Èdè wọn yàtọ̀ sí ti àwọn tí ń pín in. Ìjọ wa pẹ̀lú ní ẹ̀ka láàárín èdè púpọ̀. Ọmọ-ogun a máa jẹ́ ọmọ ìlú kan, a gbéyàwó ní ìlú mìíràn, a sì kú ní ibi kẹta. Ẹ̀ka ìlú rẹ̀ rò pé ẹ̀ka tí ó wà ní bárékè ń tọ́jú opó náà; ẹ̀ka tí ó wà ní bárékè rò pé ó ti padà sí ìlú ọkọ rẹ̀. Àárín èrò méjèèjì ni opó ṣubú sí. Àwọn àpọ́sítélì kò fi àdúrà nìkan ṣe é. Wọ́n mú kí a yan ọkùnrin méje, a sì fi iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a ń fi ìrẹ̀lẹ̀ gbé ka iwájú Àpéjọpọ̀ yìí.

Èkíní, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí a kọ orúkọ àwọn opó, àwọn ọmọ, àti àwọn òbí arúgbó sí, kì í ṣe orúkọ àwọn tí ó kú nìkan. Bí opó bá kó lọ, kí ẹ̀ka tí ó kúrò kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka tí ó ń lọ.

Èkejì, kí alàgbà kan àti ìyá ìjọ kan tí wọ́n mọ̀wé máa bá opó lọ sí ọ́fíìsì, kí ó má ṣe dá nìkan jókòó lórí bẹ́ńṣì láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń wọ aṣọ ogun lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ yẹ ìwé yín wò. Orúkọ ta ni ẹ kọ pé kí ó gba ẹ̀tọ́ yín? Ǹjẹ́ ìwé ìgbéyàwó yín àti ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ wà nílé? Kíkọ orúkọ aya sínú ìwé kì í ṣe pípe ikú, ìfẹ́ ni.

Ẹ̀kẹta, kí ìjọ dúró láàárín opó àti àwọn ẹbí tí ń wá láti kó ẹrù. Kí a má sì gbàgbé obìnrin tí a sọ fún pé a kò rí ọkọ rẹ̀, tí kò mọ̀ bóyá aya ni òun tàbí opó. Kò ní ibojì tí yóò lọ sọkún sí. Kí ó ní ìjọ tí yóò lọ sọkún sí.

Ẹ̀kẹrin, kí gbogbo ọrẹ ọjọ́ Ìsinmi ìrántí di owó ilé-ìwé. Ó sàn kí ẹ̀ka kékeré mú ọmọ kan títí yóò fi jáde ju kí ó pín ìrẹsì fún ọmọ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Opó tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó lé ní ọdún kan tí àwọn alàgbà wa fi bá a rìn kí ọ̀ràn ìwé rẹ̀ tó yọrí. Ọmọ rẹ̀ padà sí ilé-ìwé, ó sì joyè àgbà láàárín àwọn tí ó kéré sí i, nítorí ọdún tí a fi gbàgbé rẹ̀ kò padà. A kò sọ èyí láti yin ara wa.

Dáfídì dá ilẹ̀ baba ńlá Mẹfibóṣẹ́tì padà fún un, ó sì mú un jókòó nídìí tábìlì ọba lójoojúmọ́, kì í ṣe ní ọjọ́ ìrántí nìkan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sàn, baba rẹ̀ kò sì jí. Ohun tí ogun bàjẹ́, a kò lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n àga kan wà tí a lè fà síwájú. Ẹ̀yin aṣojú, nígbà tí ẹ bá padà dé ẹ̀ka yín, kí ẹ tó ròyìn Àpéjọpọ̀ fún ìjọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó ṣẹ́kù. Ẹnì kan nínú yín mọ ilé náà.

Kí Ọlọ́run, Baba àwọn aláìníbaba àti Onídàájọ́ àwọn opó, fún wa ní ẹsẹ̀ tí yóò rìn débẹ̀. Àmín.