Àjà Gbọ̀ngàn Ẹgbẹ́ àti Ooru Páànù

(Ọ̀rọ̀ tí Alábẹ̀wò Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

 

Ẹ kọ̀wé pé ẹ fẹ́ yọ owó ẹgbẹ́ láti fi kan àjà sí gbọ̀ngàn yìí. N kò lòdì sí i. Bí oòrùn bá ti pa páànù, àwọn àgbà á dìde lọ kí a tó ka ìṣirò owó tán. Ohun tí mo lòdì sí ni àjà pẹrẹsẹ tí yóò bo gbogbo igi òrùlé mọ́lẹ̀.

Ẹgbẹ́ kan tí mo máa ń bẹ̀ wò ṣe bẹ́ẹ̀. Páànù ń jò, ikán ń jẹ igi, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ọjọ́ tí àjà já lulẹ̀ ni a tó rí i pé igi mẹ́ta ti di ìyẹ̀fun. Owó àtúnṣe ju owó àjà lọ. Ẹ ní ìrókò ni tiyín. Òótọ́ ni, ikán kì í fẹ́ràn ìrókò, ṣùgbọ́n igi wẹ́wẹ́ tí a kan páànù mọ́ ńkọ́?

Àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n á to igi, wọ́n á tẹ́ ọparun lé e, wọ́n á fi amọ̀ rẹ́ òkè rẹ̀. Amọ̀ yẹn ń dá ooru dúró, kì í sì í jẹ́ kí iná òrùlé koríko já sínú ilé. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ṣì ń rí igi. Igi kì í ṣe ohun ìtìjú níbí. Ọ̀kan nínú òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní nǹkan bí 1910 sí 1914 wà ní Chicago ní Amẹ́ríkà lónìí, àwọn ènìyàn ń sanwó wọlé lọ wò ó.

Amọ̀ kò ṣeé rẹ́ sórí àjà tó gẹ̀rẹ́. Báyìí ni kí káfíńtà ṣe: igi yín fẹ̀ tó íǹṣì 6 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ó kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn ní agbedeméjì, kí ó fi sikúrúù de pákó pẹlẹbẹ mọ́ abẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ìṣó, kí a lè tú u wò. Lórí pákó ni fóòmù alálùmíníọ̀mù yóò wà, ojú tó ń dán á kọjú sí páànù. Ẹ fi àyè íǹṣì 1 sílẹ̀ láàrin méjèèjì. Bí ó bá kan páànù, dídán rẹ̀ di asán. Ẹ ṣí etí òrùlé àti ṣóńṣó rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè jáde, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí i nítorí àdán. Ìdajì igi á ṣì hàn.

Ẹ má ra àlòkù àjà asbestos o, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹ gba iye owó lẹ́nu káfíńtà méjì, kí ẹ mú un wá sí ìpàdé gbogboogbò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i. N óò wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àkàbà kan sílẹ̀.