Ẹyin Ńlá, Èèpo Fẹ́lẹ́: Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé sí Àwa Ọlọ́jà Ẹyin

 

Ọ̀rọ̀ èèpo ẹyin ni mo mú wá. Oníbàárà fẹ́ràn ẹyin ńlá, ẹyin ńlá náà ló sì ń fọ́ jù. Bí a bá sọ kíréètì kalẹ̀ tí mẹ́ta ti sán nínú 30, awakọ̀ la máa ń bá jà. Kì í ṣe awakọ̀ nìkan o. Adìyẹ wo ló yé e? Kí ló ń jẹ?

Adìyẹ léyà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20. Tó bá fi máa kọjá ọ̀sẹ̀ 72, ẹyin rẹ̀ ti tóbi, ṣùgbọ́n èèpo tó ń ṣe kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà tí a fi kun yàrá kan, tí a bá ní kó kárí méjì, ṣebí fẹ́lẹ́ ni yóò rí? Ara adìyẹ àgbà kò sì gba kálísíọ̀mù inú oúnjẹ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Èèpo ẹyin kan ń gba nǹkan bí gíráàmù 2 kálísíọ̀mù. Òru ni adìyẹ ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, nígbà tí kò jẹun. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń fi ìkarahun odò oníwóró tàbí òkúta ẹfun oníwóró kún oúnjẹ rẹ̀ lọ́sàn-án sí ìrọ̀lẹ́. Èyí tó kúnná bí èlùbọ́ tètè ń kọjá. Oníwóró á dúró sínú iwe adìyẹ, á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ di ìdájí. Fítámì D náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ara lè gbà á.

Ẹ má jẹ́ kí pupa inú ẹyin tàn yín jẹ. Àgbàdo pupa àti ewé ló ń fún un láwọ̀. Kò sọ bí èèpo ṣe le tó. Ẹ sì ṣọ́ra fún oko tó ń da oògùn apakòkòrò sóúnjẹ lójoojúmọ́: oògùn náà lè bá ẹyin dé ẹnu ọmọ wa. Àwa náà, ẹ jẹ́ ká gbé àtẹ kúrò lóòrùn, torí ooru ń sọ funfun inú ẹyin di omi, ohun yòówù kí adìyẹ jẹ.

Ìmọ̀ràn mi rèé: kí ẹgbẹ́ tó sanwó, ká bi olóko ní ohun mẹ́ta. Adìyẹ rẹ tó ọ̀sẹ̀ mélòó? Irú ìkarahun wo lo ń fún un? Oògùn wo lo lò láìpẹ́ yìí? Tí kò bá rí èsì gidi fọ̀, kó dín owó. Owó tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni ẹyin fífọ́ ń jẹ, a ó sì san án pé.

Àgbà ní ẹyin lohùn. Èyí tí mo sọ yìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó balẹ̀. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o.