Àdììtú ìràwọ̀ méjìlá: Ìlérí tí Bayek ṣe fún ọmọ rẹ̀ nínú Assassin's Creed Origins

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gbá géèmù Assassin's Creed Origins ló máa ń sáré kọjá lára àwọn òkúta ńláńlá tí wọ́n tò yípo kiri ilẹ̀ Íjíbítì. Ogun ni wọ́n ń wá lọ, kì í ṣe ìràwọ̀. Àmọ́ ibi agbo òkúta méjìlá yìí gan-an ni ìtàn Bayek ti ń dun èèyàn jù.

Ọdún 2017 ni iléeṣẹ́ Ubisoft gbé e jáde. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 49 ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tí Cleopatra àti àbúrò rẹ̀, Ptolemy, ń du ìtẹ́. Bayek, ẹ̀ṣọ́ láti ìlú Siwa, ti ṣèlérí fún Khemu ọmọ rẹ̀ pé òun máa dé gbogbo agbo òkúta náà. Khemu kú ikú oró níṣojú rẹ̀ kí ìlérí ọ̀hún tó ṣẹ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yanjú rẹ̀?

Tí Bayek bá ti dé àárín agbo òkúta, ojú ọ̀run á kún fún ìràwọ̀, àwòrán kan tó ní àwọn ojú àmì á sì yọ. Ẹni tó ń gbá géèmù ni yóò máa sún un káàkiri títí àmì kọ̀ọ̀kan yóò fi bọ́ sórí ìràwọ̀ tirẹ̀.

Ẹ má wá kìnnìún tàbí akọ màlúù lójú ọ̀run o. Ẹ ò ní rí i. Ẹ wo bí àmì méjì ṣe súnmọ́ra, bí ìkẹta ṣe jìnnà sí wọn, kí ẹ wá irú rẹ̀ láàárín àwọn ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù. Kò sí aago tó ń léni, kò sí ọ̀tá. Tó bá ti bọ́ sí i, ohùn Khemu àti bàbá rẹ̀ ni èèyàn á gbọ́, tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ bíi ti àtijọ́.

Tí méjèèjìlá bá pé, ọ̀nà ẹ̀wù ogun kan tó wà lábẹ́ Sphinx ní Giza ti là nìyẹn. Ẹ̀wù náà dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn ọmọ yẹn jù ú lọ.

Òkúta Dendera

Irú àwòrán ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Ní nǹkan bí ọdún 50 ṣáájú ìbí Jésù, ìyẹn àsìkò Bayek gan-an, wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀run sí àjà yàrá Osiris kan lórí tẹ́ńpìlì Hathor ní Dendera. Àgbò, kìnnìún àti àkeekèé tó wá láti Bábílónì àti Gíríìsì wà níbẹ̀, pẹ̀lú erinmi tí àwọn ará Íjíbítì ti ń fi sí ìràwọ̀ àríwá tipẹ́tipẹ́.

Lọ́dún 1821, ọmọ Faransé kan, Lelorrain, fi ayùn àti ẹ̀tù gé òkúta náà kúrò. Ọba Louis Kejìdínlógún rà á ní 150,000 franc. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris ló wà báyìí. Lọ́dún 2022, Zahi Hawass, tó ti fìgbà kan jẹ́ mínísítà ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Íjíbítì, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìbuwọ́lùwé aráàlú pé kí wọ́n dá a padà.

Ẹni tó bá gbójú sókè nínú yàrá náà ní Dendera lónìí, ẹ̀dà rẹ̀ ló ń wò.