Jígólò: Orúkọ Tí Ijó Bí

Jígólò, tí àwọn Faransé tí wọ́n ni ọ̀rọ̀ náà ń kọ ní gigolo, ni orúkọ tí wọ́n ń pe ọkùnrin, tó sábà máa ń jẹ́ ọ̀dọ́, tí obìnrin olówó ń bọ́, tí ó ń daṣọ bò, tí ó sì ń sanwó fún kí ó lè máa bá a ròde tàbí kí ó máa bá a sùn. Orúkọ àbùkù ni lónìí, ṣùgbọ́n bí àwọn onímọ̀ èdè bá wú gbòǹgbò rẹ̀, ẹsẹ̀ àti ijó ni wọ́n ń bá nídìí rẹ̀, kì í ṣe owó.

Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni gigolette, ìyẹn ọmọbìnrin tó ń gbé òde ijó ní Paris, tí àwọn èèyàn kì í sì í fojú ọmọlúwàbí wò. Òun náà jẹ mọ́ giguer, ọ̀rọ̀ àtijọ́ fún jíjó àti fífò sókè sódò. Gigot, itan àgùntàn tí àwọn alásè ilẹ̀ náà ń yan, wá láti ìdílé kan náà. Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n gé ìrù gigolette láti fi pe ọkùnrin tó ń bá irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ rìn, èyí tó ṣàjèjì díẹ̀, nítorí pé lára ọ̀rọ̀ akọ ni èdè Faransé ti sábà máa ń yọ ti abo.

Ogun Àgbáyé Kìíní ló sọ orúkọ yìí di ti iṣẹ́ oòjọ́. Nígbà tí ogun náà parí ní 1918, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti kú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣẹ́ kù kò ríṣẹ́, ijó tango láti Argentina sì ti gba ìgboro Yúróòpù, débi pé àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ń gba ọkùnrin tó gbáfẹ́, tó sì mọ ijó jó, láti máa bá àwọn obìnrin tí kò ní alábàájó jó. Eintänzer ni àwọn ará Jámánì ń pè wọ́n. Billy Wilder, tó wá di olùdarí fíìmù ní Hollywood, ṣe iṣẹ́ náà nílùú Berlin, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ní 1927. Orin kan tí Julius Brammer kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí Leonello Casucci sì ṣe ohùn rẹ̀, tilẹ̀ sọ ti ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin Austria kan tí ipò rẹ̀ wó dé ibi ijó àjógbowó. Nígbà tí Irving Caesar yí i sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1929, ó gbé ọkùnrin náà lọ sí Paris, ó sì sọ ọ́ di ará Faransé.

Nínú fíìmù American Gigolo, tí Paul Schrader darí ní 1980, ijó kọ́ ni iṣẹ́ jígólò inú rẹ̀ mọ́. Ìbálòpọ̀ ló ń tà fún àwọn obìnrin olówó ìlú Los Angeles, ìtumọ̀ yìí ló sì borí. Síbẹ̀, iṣẹ́ ijó náà kò tíì kú: àwọn ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ kan ṣì ń gba àgbà ọkùnrin láti bá àwọn obìnrin tó dá rìnrìn àjò jó, wọ́n sì ń kà á léèwọ̀ fún àwọn ọkùnrin náà láti yan èyíkéyìí nínú àwọn obìnrin náà lọ́rẹ̀ẹ́ ìfẹ́.