Ọ̀nà Àbùjá sí Dìgírì Nọ́ọ̀sì: Ohun tí ó yẹ kí a ṣírò kí a tó ra fọ́ọ̀mù

  

Ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò ìkówójọ fún àpò ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ wa ni ó ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ọmọ wa ṣe lè tètè gba dìgírì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àti bí a ó ti ṣe ètò owó rẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi yan ọ̀rọ̀ yìí. Ó ṣòro kí a tó rí agbo ilé Yorùbá kan ní ìlú yìí tí kò ní nọ́ọ̀sì nínú, tàbí ọmọ tí ó fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti gba ìwé ẹ̀rí, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń rí i pé àwọn tí ó ní dìgírì ń kọjá àwọn lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù lọ, àti ẹ̀yin òbí àti ọkọ tí owó náà yóò ti ọwọ́ yín jáde.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀nà àbùjá. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹbí púpọ̀ nínú wa wà, ètò kan wà fún ẹni tí ó ti ní dìgírì nínú ẹ̀kọ́ mìíràn. Dípò ọdún 4, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi nǹkan bí oṣù 11 sí 18 kọ́ ẹ̀kọ́ dìgírì nọ́ọ̀sì tán. Bí a bá gbọ́ èyí nílé, a máa ń rò pé idán ni. Kì í ṣe idán rárá. Dìgírì àkọ́kọ́ ni wọ́n kà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó sì gbọ́dọ̀ ti ṣe ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, kẹ́mísìrì àti kòkòrò àrùn kí wọ́n tó gbà á wọlé. Wọ́n wá fún iṣẹ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ìsinmi gígùn, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni ó sì ń kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó má ṣe pa iṣẹ́ oṣù pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá ní owó oúnjẹ àti owó ilé fún gbogbo oṣù wọ̀nyẹn nílẹ̀, àbùjá náà lè di kòtò mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa, ẹni tí ó ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ ni a gé ọ̀nà kúrú fún. Ọmọ tí ó bá ti ilé ẹ̀kọ́ girama lọ tààrà sí yunifásítì yóò lo ọdún 5. Nọ́ọ̀sì tí ó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ àwọn Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí yóò gba ẹnu ọ̀nà Direct Entry wọlé sí ọdún kejì, yóò sì lo ọdún 4. Ètò yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ dìgírì nọ́ọ̀sì ní 1965, àwọn tí ó ti di nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní, “Ọdún kan péré ni ẹ gé kúrò, kí ni àbùjá nínú ìyẹn?” Òótọ́ ni. Lójú tèmi, ibi tí àbùjá náà wà gan-an ni pé nọ́ọ̀sì lè kàwé yìí láìjẹ́ pé owó oṣù rẹ̀ dúró, bí ó bá mọ irú ilé ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí ó mú. N ó padà sórí èyí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lé àwọn gbájú-ẹ̀ kúrò lọ́nà. Ní oṣù Kejìlá 2023, ìwé ìròyìn Daily Nigerian gbé ìtàn oníròyìn rẹ̀ kan jáde, ẹni tí ó gba dìgírì láti ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kùtọnu láàárín ọ̀sẹ̀ 6, tí ó sì fi ìwé náà wọ ètò àgùnbánirọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní 2024 ni ìjọba àpapọ̀ dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró ná. Bí àwọn tí ó kàwé wọn lóòótọ́ lọ́hùn-ún ṣe bá a lọ nìyẹn. Bí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì bá wá ni, ọ̀ràn náà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ni. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín ní Terminus tàbí lẹ́yìn ìsìn pé òun yóò bá yín gba dìgírì nọ́ọ̀sì láàárín oṣù díẹ̀, kí ẹ ṣáà san owó sọ́wọ́ òun, ẹ má ṣe bá a jiyàn, ẹ sọ fún un pé ẹ óò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Àjọ bóyá wọ́n mọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Yóò wábi gbà.

Ó wá ku ti ìwé tí a fi ń wọlé. Ibi tí àwọn àǹtí wa tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ti ń kọsẹ̀ ni ìwé mẹ́wàá. Yunifásítì ń béèrè kírẹ́díìtì 5: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, bàólọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì. Físíìsì yìí ni ó ń dá púpọ̀ dúró. Ẹni tí ó ti ń gbẹ̀bí láti ogún ọdún, tí dókítà tuntun ń bi léèrè ohun tí yóò ṣe, yóò wá gbọ́ pé kò lè wọlé nítorí físíìsì. Ó dunni, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà ẹ̀yìn. Kí ó lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò NECO tàbí WAEC ti àwọn tí kò sí nílé ìwé, kí ó wá ọmọ àdúgbò kan tí ó mọ físíìsì kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́. Kí ìtìjú má sì sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni láísẹ́ǹsì. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni à ń tún un ṣe lọ́dọ̀ Àjọ. Láísẹ́ǹsì tí àkókò rẹ̀ ti kọjá, ìwé lásán ni níwájú ẹni tí ń gbani wọlé. Èsì ẹ̀kọ́ yín láti ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, èyí tí wọ́n ń pè ní transcript, ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò fi í ránṣẹ́. Ẹ tètè béèrè fún un, bí ó ṣe oṣù 6 ṣáájú, nítorí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí fáìlì ń sùn níbẹ̀ títí ẹni tí ó ni ín yóò fi wá jí i fúnra rẹ̀. JAMB náà ń yẹ ìwé ẹ̀rí àwọn onídìrẹ́ẹ̀tì wò dáadáa nísinsìnyí. Kí ẹnikẹ́ni má sì ra fọ́ọ̀mù Direct Entry pọ̀ mọ́ ti ìdánwò àṣewọlé ní ọdún kan náà, nítorí JAMB kò fàyè gbà á.

Nípa ilé ẹ̀kọ́, ọ̀nà méjì ni ó wà. Yunifásítì tí a ń jókòó tì lójoojúmọ́ wà, irú bí Yunifásítì Jos níbí. Yunifásítì tí a ń kàwé rẹ̀ láti ilé náà wà. NOUN tí ó ní ẹ̀ka ní ìlú yìí kì í gba ẹlòmíràn sí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ àfi ẹni tí ó ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tí ó forúkọ sílẹ̀. Ìbàdàn pẹ̀lú ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì wọn bóyá wọ́n ń gbani ní sáà tí ẹ fẹ́ wọlé kí ẹ tó náwó kankan.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò o. Àwọn òbí wa a máa bi mí pé, “Èló ni owó ilé ìwé?” Owó ilé ìwé kọ́ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ká sọ pé nọ́ọ̀sì kan ń gba ₦150,000 lóṣù. Bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún 4, oṣù 48 nìyẹn, owó tí kò wọlé di ₦7,200,000 kí ó tó san kọ́bọ̀ fún ilé ìwé. Èyí ni ẹnikẹ́ni kì í kọ sínú ìwé ìṣirò rẹ̀, òun náà sì ni ó máa ń mú kí ènìyàn dúró ní ọdún kẹta. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ọ̀gá yín bá lè fún yín ní ààyè láti lọ kàwé pẹ̀lú owó oṣù, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé àdéhùn tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí, kí ẹ mọ iye ọdún tí ẹ óò fi sìn wọ́n lẹ́yìn náà. Bí kò bá sí èyí, ẹ gba ọ̀nà ẹ̀kọ́ láti ilé. Ní NOUN, bí iye ẹ̀kọ́ tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ fún bá ti pọ̀ tó ni owó ṣe ń pọ̀ sí, ti ìdánwò sì tún wà lọ́tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí owó bá há lọ́wọ́ lè mú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ẹ bá fẹ́ìlì, ẹ óò san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí náà ẹ má ṣe forúkọ sílẹ̀ ju èyí tí ojú yín lè gbà lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́ lọ.

Èésú tí a ń dá náà wúlò níhìn-ín bí a bá lò ó pẹ̀lú ọgbọ́n. Bí ènìyàn 20 bá ń dá ₦20,000 lóṣù, ẹni tí ó bá kàn yóò kó ₦400,000. Kí nọ́ọ̀sì tí ń kàwé bẹ olórí èésú pé kí wọ́n jẹ́ kí tòun bọ́ sí oṣù ìforúkọsílẹ̀. Owó tí ó bá dé ṣáájú, aṣọ ẹbí yóò jẹ ẹ́. Èyí tí ó bá dé lẹ́yìn, gbèsè ti ṣáájú rẹ̀. Kí ó sì kọ owó ọkọ̀ sílẹ̀, owó ìwé, owó aṣọ funfun, owó dátà, àti owó ìgbà tí wọ́n yóò rán an lọ sí ọsibítù mìíràn fún ìkọ́ṣẹ́, nítorí níbẹ̀ ni kò ti ní lè ṣe iṣẹ́ aládàáni tí ó fi ń kún owó oṣù rẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, mo fẹ́ kí ẹ gbójú sókè wò mí. Obìnrin tí ó ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, tí ó ní ìdánwò lọ́la, tí ẹ tún ń retí àmàlà lọ́wọ́ rẹ̀, owó tí ẹ san fún un ń ṣòfò nìyẹn. Àkókò náà wà nínú ìṣirò.

Fún àwọn ọmọ tí wọn kò tíì ṣiṣẹ́ rí, tí wọ́n ń lọ fún ọdún 5 ní yunifásítì ìjọba, ẹ̀yáwó ìjọba tí òfin 2024 dá sílẹ̀ wà. Kò ní èlé. Ilé ìwé ni wọ́n ń san owó náà fún tààrà, wọ́n sì ṣètò ₦20,000 lóṣù fún ìtọ́jú akẹ́kọ̀ọ́. Ọdún 2 lẹ́yìn ìsìnlú ni sísan padà tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwa Yorùbá kì í fẹ́ kí ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ ayé pẹ̀lú gbèsè, ṣùgbọ́n èyí sàn ju kí a ta ilẹ̀ ní ìdajì iye rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí ó kan àwa ará Òkè Ọya ju àwọn ará ilé lọ. Ọmọ tí a bí ní Jos, tí ó kàwé ní Jos, tí ó ń sọ Hausa ju àwa òbí rẹ̀ lọ, bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, wọn yóò bi í pé ìjọba ìbílẹ̀ wo ni ó ti wá. Ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ìpínlẹ̀, owó ọmọ onílùú yàtọ̀ sí ti àlejò. Ẹ fi èyí sínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ ọjọ́ ìsanwó ni ẹ óò gbọ́ ọ. Bí ẹ bá sì lọ sílé fún ọdún tuntun, ẹ gba ìwé ìjọba ìbílẹ̀ fún àwọn ọmọ yín bọ̀. Owó ọkọ̀ láti Jos sí Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí ìwé kan péré kì í ṣe kékeré.

Ní ti àpò ẹ̀kọ́ tí a ń kówó sí lónìí, mo ní àbá díẹ̀ fún ìgbìmọ̀. Kí a san owó sí ilé ẹ̀kọ́ tààrà. Kí a má ṣe ná gbogbo rẹ̀ sórí àwọn tí ń wọlé, nítorí ọdún tí ó kẹ́yìn ni owó máa ń tán lọ́wọ́ ènìyàn, ó sì burú kí ènìyàn rì sí èbúté. Kí ẹni tí ń gba owó oṣù yá a láìsí èlé, kí ọmọ tí kò níṣẹ́ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ kí olùgbà kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i pé òun kò ní kúrò ní ìlú yìí tàbí lọ sí òkè òkun. Èmi kò fara mọ́ ọn. Àwọn baba wa fúnra wọn fi ilé sílẹ̀ wá sí Jos nígbà ayé ìwakùsà, ẹnikẹ́ni kò sì fi ìwé dè wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ní òkè òkun lọ́kàn mọ̀ pé ní oṣù Kẹta 2024, Àjọ bẹ̀rẹ̀ òfin kan tí ó ní kí nọ́ọ̀sì ti ṣiṣẹ́ ọdún 2 lẹ́yìn láísẹ́ǹsì kí wọ́n tó bá a fi ẹ̀rí ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Kí ó béèrè lọ́dọ̀ wọn bí ó ti rí kí ó tó fi tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú sínú ìṣirò.

Fọ́ọ̀mù àpò ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹ mú láísẹ́ǹsì yín, èsì ìwé mẹ́wàá, àti ìwé ìṣirò owó tí ẹ fúnra yín kọ wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí n bá òun wo tirẹ̀, n ó jókòó sí apá ọ̀tún gbọ̀ngàn yìí títí wọn yóò fi tan ìlù.