Asẹ́ Ìmọ́lẹ̀, Tẹlisíkópù àti Ẹ̀rí Ẹni tí Ó Rí Oṣù

   

Lọ́dọọdún ni a máa ń sọ̀rọ̀ níbí lórí ohun tí í ba aáwẹ̀ jẹ́, lórí sàká ìtúnu aáwẹ̀ àti lórí òru Laelatul Kọdri. Lónìí, ohun tí ó ṣíwájú aáwẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ, èyíinì ni rírí oṣù. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ń gbé ní òkè òkun ni ó fi tẹlisíkópù kan ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀dọ́ wa, pẹ̀lú àpótí kékeré kan tí àwọn dígí aláwọ̀ oríṣiríṣi wà nínú rẹ̀. Inú wa dùn sí i, a sì ṣàdúà fún un. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù Ṣá‘bánì tí ó kọjá, nígbà tí mo jáde sí ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ó ti de dígí dúdú kan mọ́ ibi tí a ń fojú sí, tí ó sì fẹ́ kọ ẹnu ẹ̀rọ náà sí oòrùn. Ó ti gbọ́ pé ẹ̀bá oòrùn ni oṣù tuntun máa ń wà. Mo kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí tẹ̀sùbáà fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí n tó sọ ìdí igbe náà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí dígí wọ̀nyí jẹ́.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń sẹ́ ògì fún ìṣínu mọ̀ pé asẹ́ kì í fi ohunkóhun kún ògì. Èèrí ni ó ń dá dúró, tí ó sì ń jẹ́ kí omi ògì kọjá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni dígí aláwọ̀ tí a ń de mọ́ tẹlisíkópù: asẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni. Èyí tí ó pupa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pupa kọjá, ó sì ń dá búlúù dúró. Kò sí asẹ́ kan láyé tí ó lè bu ìmọ́lẹ̀ kún oṣù. Mùsùlùmí ni Ibn al-Haytham, ọmọ Basra tí ó kú ní Káírò ní nǹkan bí ọdún 1040. Òun ni ó ṣàlàyé nínú Kitābul-Manāzir pé láti ara ohun tí a ń wò ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọnú ojú wa. Nígbà tí ó kọ ìwé náà, ó ṣì ku nǹkan bí 600 ọdún kí tẹlisíkópù tó jáde ní ilẹ̀ Netherlands ní 1608.

Ohun tí ó mú kí oṣù tuntun ṣòro láti rí ni pé sánmọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ jù. Afẹ́fẹ́ a máa tú ìmọ́lẹ̀ búlúù ká ju pupa lọ, ìdí nìyí tí sánmọ̀ fi ní àwọ̀ búlúù. Bí a bá wá fi dígí pupa tàbí aláwọ̀ ọsàn wò ó ní kété tí oòrùn wọ̀, sánmọ̀ yóò ṣókùnkùn ju oṣù lọ, oṣù yóò sì yọ sókè díẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ nìyẹn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n aáwẹ̀ wa ti bọ́ sí oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún àwọn òyìnbó ní 2025 àti 2026, nígbà tí eruku ọyẹ́ ṣì lè wà lójú sánmọ̀. Eruku kò rí bí afẹ́fẹ́ tí ó mọ́. Bákan náà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ń tú gbogbo àwọ̀ ká, nítorí náà asẹ́ kò rí èyí tí yóò yọ kúrò. Ibi tí eruku bá ti gbé oṣù mì ní ìsàlẹ̀ sánmọ̀, owó tí a fi ra dígí kò lè mú un padà wá. Bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, kí a tètè tú dígí náà kúrò, nítorí yóò máa jẹ nínú ìmọ́lẹ̀ oṣù tí kò pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn yòókù nínú àpótí náà kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní polarizer. Iṣẹ́ rẹ̀ máa ń hàn jù lọ ní apá sánmọ̀ tí ó jìnnà sí oòrùn ní ìwọ̀n dígírì 90, bẹ́ẹ̀ oṣù tuntun lè wà ní nǹkan bí dígírì 10 péré sí oòrùn. Ẹ na apá yín tán, kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́: fífẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ yín ni dígírì 10 yẹn. Èyí tí ó wà fún dídín ìmọ́lẹ̀ òṣùpá kù, ti òru kẹrìnlá ni. Ẹni tí ó bá fi í wá oṣù tuntun dà bí ẹni tí ó fi aṣọ bo fìtílà kí ó tó máa wá abẹ́rẹ́.

Mo padà sí igbe mi. Ẹ ti rí àwọn ọmọdé tí wọ́n ń fi dígí kékeré kó ìtànṣán oòrùn jọ láti jó bébà. Tẹlisíkópù ju dígí yẹn lọ fíìfíì. Dígí dúdú tí a bá de mọ́ ibi tí a ń fojú sí wà ní ibi tí ooru ti ń kóra jọ, ó sì lè sán lójijì. Ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó láti ba ojú jẹ́ títí láé, ẹ̀yìn ẹyinjú kò sì ní ìrora tí yóò fi kìlọ̀ fún ènìyàn. Asẹ́ oòrùn tí ó tọ́, ẹnu iwájú ẹ̀rọ ni ó ń bò pátápátá, a sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti lu. Fíìmù ẹ̀sírè tàbí dígí tí a fi èéfín kùn, tí àwọn kan máa ń gbé sójú bí òṣùpá bá bo oòrùn, irú èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2006, kì í ṣe ààbò. Nítorí náà, ní ọjọ́ 29 oṣù, a kò gbọdọ̀ ṣí ìdérí tẹlisíkópù títí oòrùn yóò fi wọ̀ tán. Ṣàríà kò pàdánù ohunkóhun níbẹ̀: oṣù tí a bá rí lẹ́yìn ìwọ̀-oòrùn ni a ń gba ẹ̀rí rẹ̀.

Ìbéèrè kan kù, òun ni ó sì ń dá ìjà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje 2013, nígbà tí Ràmàdáànì 1434 kù sí dẹ̀dẹ̀, ará Faransé kan tí ń jẹ́ Thierry Legault ya òṣùpá ní ìṣẹ́jú ìjtimā‘ gan-an, ní ojúmọmọ, nígbà tí òun àti oòrùn jìnnà sí ara wọn ní dígírì 4.4 péré. Asẹ́ infrared ni ó lò, èyí tí ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn pupa, tí ojú ènìyàn kò lè rí. Sánmọ̀ fi nǹkan bí ìlọ́po 400 mọ́lẹ̀ ju oṣù náà lọ nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ará Faransé mìíràn, André Danjon, ti ṣàkíyèsí ní àwọn ọdún 1930 pé bí jíjìnnà náà bá dín ní nǹkan bí dígírì 7, oṣù kì í hàn sójú. Ọ̀gá ni Legault nínú iṣẹ́ rẹ̀, kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó rí oṣù yẹn? Kámẹ́rà ni. Ànábì wa so aáwẹ̀ mọ́ rírí, ojú ènìyàn ni ó sì ń ríran. Ní Amman ní 1986, ìgbìmọ̀ fíkíhì àgbáyé fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé rírí ni ìpìlẹ̀, a sì lè fi ìṣirò àti ilé ìwo-ìràwọ̀ ran ara wa lọ́wọ́. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó fojú ara rẹ̀ rí oṣù nínú tẹlisíkópù, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú dígí pupa, ó rí i, bí ẹni tí ó fi awò ojú ríran. Mo mọ̀ pé àwọn àlùfáà kan kò gbà bẹ́ẹ̀, n kò sì bá wọn jà. Àwòrán infrared ní tirẹ̀, n kò lè gbà á ní ẹ̀rí.

Kódà ẹni tí ó fojú rí i, ó yẹ kí a bi í léèrè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 28 oṣù kejì 2025, tí a ń wá oṣù aáwẹ̀, Àgùàlà wà ní ìwọ̀-oòrùn, ó ga ju oṣù lọ púpọ̀. Bí ẹ bá kọ tẹlisíkópù sí Àgùàlà lọ́jọ́ náà, ẹ ó rí i bí oṣù kékeré tí ó tẹ́ẹ́rẹ́! Ẹni tí kò mọ̀ á búra. Kí ó yọ ojú kúrò nínú ẹ̀rọ kí ó wò ó lásán: bí ó bá rí ìràwọ̀ títàn kan níbẹ̀, Àgùàlà ni. Dígí aláwọ̀ pẹ̀lú a máa dá àwòjìji ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Kí ó yí dígí náà, kí ó sì tú u kúrò kí ó tún wò. Ohun tí ó bá parẹ́ nígbà tí dígí kúrò, inú dígí ni ó wà.

Ní ọjọ́ 29 aáwẹ̀ yìí, bí a bá ti fi omi àti dàbínù ṣínu, àwọn ọ̀dọ́ yóò gbé ẹ̀rọ náà sí ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, kí àgbà méjì dúró tì wọ́n. Dígí pupa àti aláwọ̀ ọsàn wà lọ́wọ́ akọ̀wé wa. Dígí dúdú yẹn, èmi fúnra mi ni mo fi òòlù fọ́ ọ.