ÈTÒ ÌRÌN-ÀJÒ GẸ́GẸ́ BÍ ÒWÒ: ÌPOLÓWÓ ÀTI ỌKÀN TÍ Ó YẸ ONÍṢÒWÒ

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

  

Àkọlé ọ̀rọ̀ mi lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe, n kò sì ní ọkọ̀ kan tí ń ná ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ tí à ń kọ́. Bí mo bá bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe, ọ̀pọ̀ a dárúkọ iṣẹ́ ìjọba, àwọn mìíràn a ní àwọn yóò lọ sí òkè òkun. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọmọ kan sọ pé òun yóò máa ṣe ètò bí ẹlòmíràn yóò ti lọ tí yóò sì bọ̀ láyọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà, èrè sì wà nínú rẹ̀.

Kí ni iṣẹ́ yìí? Ẹni tí ń ṣe ètò ìrìn-àjò kì í ṣe awakọ̀, kò sì di dandan kí ó ní ọkọ̀. Òun ni ń bá arìnrìn-àjò wá ọkọ̀, tí ń bá a wá ibùsùn, tí ń tọ́ ọ sọ́nà lórí ìwé tí ó yẹ, tí ń sọ ọjọ́ àti wákàtí fún un, tí kò sì ní fi í sílẹ̀ títí yóò fi padà délé. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ni ohun tí ó ń tà. Ẹni tí ó bá mọ èyí ni òwò rẹ̀ yóò gbòòrò. Ẹni tí ó bá rò pé ìjókòó inú ọkọ̀ lásán ni òun ń tà, ọjà rẹ̀ kò ní pẹ́ tú.

Àwa ará Ìkálẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870, nígbà tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú a máa ti ọ̀nà tí ó ti Èkó wọ inú ilẹ̀ lọ, Ọ̀gbẹ́ni Glover, olórí ìjọba Èkó nígbà náà, wá ọ̀nà mìíràn. Arìnrìn-àjò a wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó dé Àtìjẹ́rẹ́. Láti ibẹ̀ a gba Òde-Aye lọ sí Oǹdó, kí ó tó kọjá sí Iléṣà. Ilẹ̀ wa yìí ni èrò àti ẹrù ń là kọjá. Lónìí, Ọ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ tí ó ń ti Èkó bọ̀ ti ń yà wá sọ́dọ̀ wa. Àwọn ènìyàn wa ń ti Èkó, Àbújá, London àti Amẹ́ríkà wálé nítorí ọdún, ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Àwọn ọmọ ẹlòmíràn sì ń ti ìlú wọn wá sí Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgágù ní Òkìtìpupa. Ìrìn wọn kò dẹ́kun. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a bi ara wa ni pé, nínú gbogbo owó tí wọ́n ń ná sí ojú ọ̀nà, èló ni ó ń bọ́ sí ọwọ́ ọmọ wa tí ó jókòó láìníṣẹ́?

Èkínní, kí oníṣòwò kọ́kọ́ wá ìṣòro ènìyàn rí. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, ọdún 1841, gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Cook, tí ó tún jẹ́ oníwàásù, bá ilé iṣẹ́ rélùwéè ṣe àdéhùn. Ó kó nǹkan bí 500 ènìyàn láti Leicester lọ sí ìpàdé àwọn tí ó kọ ọtí mímu ní Loughborough, ṣílè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n san. Kò ní rélùwéè. Ní 1845, nígbà tí ó fẹ́ kó èrò lọ sí Liverpool, òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ rin ọ̀nà náà, ó wo ibi tí wọn yóò sùn sí, ó sì tẹ ìwé kékeré kan tí ó fi ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ti òyìnbó nìyẹn. Louis Odumegwu Ojukwu, ọmọ Nnewi tí a bí ní 1909, jẹ́ akọ̀wé tí ń ta táyà ní ilé iṣẹ́ John Holt. Ó rí i pé àwọn oníṣòwò aṣọ tí ó ń ti Onitsha wá kì í rí ọkọ̀ tí ó tó láti kó ọjà wọn lọ. Inú ìṣòro yẹn ni ó ti dá òwò ọkọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ ńlá Nàìjíríà. Ní Kano, ní 1948, Alhaji Mahmud Dantata àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ń ṣe ètò fún àwọn tí ó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Ṣáájú àkókò náà, ọ̀pọ̀ ń fi ẹsẹ̀ àti lọ́rì la ilẹ̀ Sudan kọjá, ìrìn náà sì lè gba oṣù púpọ̀, àní ọdún. Ohun tí ojú gbogbo ènìyàn ń rí lójoojúmọ́ ni àwọn wọ̀nyí fi ojú oníṣòwò wò.

Èkejì, ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ṣùgbọ́n ìpolówó kì í ṣe ariwo. Ẹni tí ó ń ké sí gbogbo ayé kò ké sí ẹnì kan. Ẹ wo ìyá kan tí ó wà ní London, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò tí ì fojú kan Ìkálẹ̀ rí. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni: ta ni yóò pàdé wa ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà? Ǹjẹ́ a ó gba ọ̀nà Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀ kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú? Níbo ni àwọn ọmọ yóò sùn? Èló ni gbogbo rẹ̀? Ẹni tí ó bá dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yìí ní kedere nínú ìwé kan ṣoṣo ti polówó ju ẹni tí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ògiri ogún lọ.

Lẹ́yìn náà ni kí ó fi ohun tí a ní hàn wọ́n: bí a ti ń yan púpurú, ìlù bíripo, èbúté Igbókọ̀dá, etíkun Aráròmí ní ilẹ̀ àwọn ará wa Ìlàjẹ, àti òkè Ìdànrè. Ohun tí ó ti sú wa ní ojú, ìyanu ni lójú ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀. Kí ó lo fóònù àti WhatsApp, kí ó lo ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, kí ó lo ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ìpolówó tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ẹnu ẹni tí a sìn dáadáa. Kí ó pè é lẹ́yìn tí ó ti délé, kí ó béèrè ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó sì tún un ṣe.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ọkàn. Ọkàn oníṣòwò yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkàn olóòótọ́. Àwọn kan wà tí ń gba owó ọmọ ọlọ́mọ, tí wọ́n ṣèlérí ìwé àṣẹ ìwọ̀lú tí kò sí, tàbí iṣẹ́ tí kò sí. Àwọn mìíràn ń tan ọ̀dọ́ gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà. Òmíràn kú sí ọ̀nà, òmíràn di ẹrú. Ìyà náà burú tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ fi ṣe òfin ní 2003, tí ó sì dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ láti gbógun ti àwọn tí ń fi ènìyàn ṣòwò. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa mọ èyí: ìjọba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan nìkan ni ó lè fún ni ní ìwé àṣẹ ìwọ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní òun ti ní i lápò, ẹ sá fún un. Ọmọ wa tí yóò ṣe òwò yìí gbọ́dọ̀ lè sọ fún oníbàárà pé, “Èyí kò lè ṣeé ṣe,” bí owó tilẹ̀ ń lọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kí ó sì jẹ́ ọkàn tí ó mọ ìṣirò. Owó tí èrò san sílẹ̀ kì í ṣe èrè. Owó ọkọ̀ àti ti ibùsùn ni. Bí bọ́ọ̀sì bá gba ènìyàn 14, kí ó ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé 10 ni yóò wá, kí ó má baà jẹ gbèsè nígbà tí mẹ́rin bá yẹ̀ ẹ́. Ilé iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ Thomas Cook tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wó lulẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2019, lẹ́yìn ọdún 178, nítorí gbèsè. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó wá ọkọ̀ òfurufú láti kó nǹkan bí 150,000 ènìyàn padà sílé. Bí gbèsè bá lè wó ilé ńlá bẹ́ẹ̀, kí ni yóò ṣe sí ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Òkìtìpupa?

Níkẹyìn, kí ó jẹ́ ọkàn onísùúrù. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀sì kan ní ọdún Kérésìmesì kan, kí ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, kí ó sì kọ orúkọ àti ohun tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan fẹ́ sínú ìwé. Ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn ni yóò máa wá a.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Kí ẹ̀ka wa kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn tí yóò wálé ní ìparí ọdún àti ọjọ́ tí wọn yóò wá. Kí a gbé ètò ìrìn náà fún àwọn ọ̀dọ́ wa méjì tàbí mẹ́ta tí ìwà wọn dára, kí a san owó tí ó tọ́ fún wọn, kí a má sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí pé ọmọ wa ni wọ́n. Àwa ni oníbàárà àkọ́kọ́ tí wọn yóò ní. Bí a bá kọ̀ wọ́n, ta ni yóò gbà wọ́n?

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a rin ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.